Òdòdó Tí Kò Bẹ̀rù Ẹ̀ẹ̀rùn: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín Sínú Ọgbà Olóòrùn Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìjẹ̀bú-Òde, ilé rẹpẹtẹ ló wà tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni onílé ń dé síbẹ̀. Èkó ni iṣẹ́ wà, Ìjẹ̀bú ni ilé wà. Onílé á ra òdòdó lọ́wọ́ àwọn onífúláwà etí títì nínú oṣù kẹfà, á gbìn ín, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí i bí òjò ṣe ń rọ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, igi gbígbẹ ló máa ń kù nínú ọgbà. Onílé á ní ẹni tó ń ṣọ́lé kò bomi rin ín. Ẹni tó ń ṣọ́lé á ní kò sí iná tí wọ́n lè fi fa omi.

Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni mo kọ àlàyé yìí fún, àti fún gbogbo ẹni tí kò ní àyè láti máa gbé omi kiri lójoojúmọ́. Àwọn òdòdó kan wà tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń bá ọdún wọ ọdún, tí wọ́n sì ń tanná lójú oòrùn gangan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú wọn bí ẹyin. Wọn kò wọ́n, wọn kò sì ṣòro rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí: nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, òjò ń pa òdòdó tó lè fara da ọ̀dá ju bí ọ̀dá fúnra rẹ̀ ti ń pa á lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí òdòdó rẹ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn já, ọ̀nà tí omi òjò yóò gbà kúrò nídìí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá.

Òjò wa àti ilẹ̀ wa

Òjò tó ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín ọdún kan lé ní 1,500 mìlímítà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń le sí i títí dé oṣù kẹfà àti ìkeje, ó ń dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Láti oṣù kọkànlá títí dé ìparí oṣù kejì, òjò gidi lè má kan ilẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Láàárín oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ọyẹ́ á gbé afẹ́fẹ́ gbígbẹ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, afẹ́fẹ́ yìí á sì máa fa omi jáde lára ewé tọ̀sán-tòru.

Ìdánwò méjì ni igi òdòdó gbọ́dọ̀ yege láàárín ọdún kan náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹrà nínú oṣù kẹfà, ewé rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jóná nínú oṣù kejì. Igi aṣálẹ̀ pọ́ńbélé a máa kùnà nínú ti àkọ́kọ́. Igi etí odò a máa kùnà nínú ti èkejì.

Ilẹ̀ wa pupa, iyanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá Yàrà Sùngbọ́ Erédò, odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, yóò ti rí ògiri ilẹ̀ pupa tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́. Ilẹ̀ oníyanrìn báyìí ń tètè mu omi, ó sì ń tètè gbẹ. Òjò líle náà a máa ṣan oúnjẹ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò kéékèèké kò dé. Èyí dára fún òdòdó tí kò fẹ́ omi púpọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni àyíká ilé tuntun, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti tẹ ilẹ̀ pa nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, tí ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀, tí omi òrùlé sì ń dà sí ojú kan ṣoṣo. Nírú ibẹ̀, omi a máa dúró sídìí igi fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà òjò, òkúta a sì máa gbóná janjan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọgbọ́n tí igi ń dá sí ọ̀dá

Ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló kún abẹ́ ewé. Ibẹ̀ ni ewé ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti fi ṣe oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde. Bí ihò wọ̀nyí bá ṣí, igi ń jẹun, ṣùgbọ́n omi ń tán lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pa dé, omi á dúró, ṣùgbọ́n ebi á bẹ̀rẹ̀. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn igi ọ̀dá gbà borí ìṣòro yìí.

Àwọn kan ń fi gbòǹgbò wá omi lọ sísàlẹ̀ gan-an. Bougainvillea, Pride of Barbados àti olómi òjò wà nínú wọn. Bí ojú ilẹ̀ bá gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mu.

Àwọn kan ń kó omi pamọ́. Ìdò ń fi í sínú iṣu rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, lílì ń fi í sínú orí rẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà. Ewé wọn lè gbẹ dànù pátápátá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, kí wọ́n tún hù jáde.

Àwọn kan ní ewé kékeré tó nípọn, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi ìda pa á. Omi kì í tètè jáde lára irú ewé bẹ́ẹ̀. Ixora ní irú ewé yìí.

Frangipani ní tirẹ̀ ń wọ́wé dànù bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Igi tí kò ní ewé kò ní ibi tí omi yóò gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gé frangipani tó wà láàyè lulẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé ó ti kú. Kí ẹ tó gbé àdá sí i, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí wàrà funfun sì jáde, ó ń sinmi ni.

Ọgbọ́n tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti àbámodá, igi tí kò sí àgbàlá Yorùbá tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Òru ló ń ṣí ihò ewé rẹ̀, nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì tutù. Yóò gba afẹ́fẹ́ wọlé, yóò sọ ọ́ di omi kíkan, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ti ihò pa, yóò sì fi ohun tó kó pamọ́ ṣe oúnjẹ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tọ́ ewé igi yìí wò, ó sì rí i pé ó kan gan-an ní òwúrọ̀, pé kíkan náà sì ti lọ nígbà tó di ọ̀sán. Ohun tó tọ́ lẹ́nu ni àmì iṣẹ́ tí ewé náà ṣe lóru. Igi tí ń mí lóru lè pẹ́ gan-an láìrí omi, òdòdó àbámodá tó ń rọ̀ wálẹ̀ bí agogo sì máa ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọgbà ń fẹ́ ẹwà jù.

Èwo ni kí a gbìn?

Bougainvillea ni mo kọ́kọ́ máa dárúkọ fún ẹni tó ní ọgbà olóòrùn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i ní Rio de Janeiro ní 1767, ó sì fi orúkọ olórí ìrìn àjò tó bá lọ, Louis-Antoine de Bougainville, sọ ọ́. Ohun pupa, osùn tàbí funfun tí à ń wò lára rẹ̀, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn funfun kéékèèké tó wà láàárín. Bí omi àti ajílẹ̀ bá pọ̀ jù fún un, ewé tútù ni yóò máa yọ. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ìdí nìyí tó fi máa ń bo odi ilé ní Ìjẹ̀bú láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀gún ara rẹ̀ náà wúlò lórí odi.

Pride of Barbados ń yọ òdòdó pupa òun yẹ́lò lórí igi tí kò ga jù. Èso rẹ̀ ni a fi ń gbìn ín. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn èso náà díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, yóò tètè hù.

Ixora, tó wá láti Íńdíà àti Sri Lanka, ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣe ọgbà yíká. Ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn tó bá ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́, irú ilẹ̀ pupa tiwa. Bí a bá gbìn ín mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, níbi tí àjẹkù sìmẹ́ǹtì wà nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ á di yẹ́lò tí iṣan ewé nìkan sì máa tutù. Omi kọ́ ló wọ́n an. Sìmẹ́ǹtì ti ba kíkan ilẹ̀ náà jẹ́, gbòǹgbò kò sì rí irin inú ilẹ̀ mu mọ́. Ẹ gbìn ín jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì kó ilẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀ kúrò.

Fún ìsàlẹ̀, periwinkle ti Madagásíkà dára púpọ̀. Ó kéré, ó ń yọ òdòdó osùn àti funfun fún oṣù púpọ̀, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ láti inú èso tó bá bọ́ sílẹ̀. Ara ewé rẹ̀ ni Robert Noble àti Charles Beer ti rí oògùn vinblastine ní Kánádà láàárín ọdún 1950 sí 1960, oògùn tí àwọn dókítà fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Agbára yìí gan-an ló mú kó jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sè é mu nílé.

Adé ẹ̀gún, tí òun náà wá láti Madagásíkà, ń yọ òdòdó kéékèèké ní gbogbo ọdún. Ó fẹ́ oòrùn kíkún àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Desert rose, òdòdó ilẹ̀ Sàhẹ́lì tó ń hù ní apá àríwá Nàìjíríà, arẹwà ni, ṣùgbọ́n òjò Ìjẹ̀bú pọ̀ jù fún un. Inú ìkòkò tó níhò nísàlẹ̀ ni kó wà, kí a sì gbé e sábẹ́ òrùlé ní oṣù kẹfà àti ìkeje.

Méjì wà tí mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Hibiscus dára, ṣùgbọ́n òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́. Ẹ gbìn ín síbi tí ojú ń tó nìkan. Ẹ̀wọ̀n adélé náà kò bẹ̀rù ọ̀dá rárá, ṣùgbọ́n ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí oko àti igbó, níbi tó ti ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn igi yòókù lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn tó jinlẹ̀ lè lọ sí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣín, Ìbàdàn, ní 1975.

Ibo ni oòrùn wà?

Oòrùn kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán tẹ̀ sí. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹta, ìhà gúúsù ló ń tẹ̀ sí. Nítorí náà, iwájú ògiri tó kọjú sí gúúsù ni oòrùn ń pa jù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Ibẹ̀ ni kí bougainvillea àti adé ẹ̀gún wà. Ní ọ̀sán oṣù kejìlá, ògiri tó ga ní mítà 4 ń ta òjìji tó lé ní mítà 2 sí ìhà àríwá. Àwọn òdòdó tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ooru ìrọ̀lẹ́ ti ń le jù, pàápàá bí ìńtálọ́ọ̀kì bá wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ó kéré tán ìdajì mítà ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín òkúta àti ìdí igi.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Láàárín ìparí oṣù kẹta àti oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ni ìgbà tó dára jù. Igi tí a bá gbìn nígbà náà yóò ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà láti fi ta gbòǹgbò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Èyí tí a gbìn ní oṣù kẹsàn-án kò ní ju oṣù méjì lọ, omi ni a ó sì máa gbé fún un. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn dé orúnkún, ẹ da omi kún un, kí ẹ sì máa wò ó. Bí omi náà bá lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ilẹ̀ yín dára. Bí ó bá wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ kọ ebè tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Iyanrìn, ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀ pupa. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ gbé omi òrùlé gba ibòmíràn kọjá.

Ẹ gbẹ́ ihò náà kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì náílọ́ọ̀nù tí igi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Ẹ fa náílọ́ọ̀nù náà ya dànù. Bí gbòǹgbò bá ti ń yí po nínú rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, torí gbòǹgbò tó ń yí po kì í lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀ka gbìn lè gé bougainvillea tàbí ixora. Frangipani àti adé ẹ̀gún náà ń ti ara ẹ̀ka hù, àmọ́ a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ka náà síbi òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wàrà ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kó má baà jẹrà nínú ilẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí èérún pákó láti sọ́míìlì bo ìdí igi, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Èyí á jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù. Ẹ má jẹ́ kó kan ara igi, nítorí ibẹ̀ ni ikán ń gbà gòkè.

Omi, gígé àti kòkòrò

Bí ẹ bá ń wọ́n omi díẹ̀ lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, gbòǹgbò kò sì ní ìdí tí yóò fi wá ìsàlẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ tó ń bomi rin ín bá dá dúró, igi á kú. Ẹ fún un ní omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún fún un. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan, tí a bá rọra dà á sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níhà méjèèjì, dà bí òjò tó rọ̀ ní mìlímítà 20. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì kan fún igi kan lọ́sẹ̀ kan ti tó. Onílé tó ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ lè ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Láti ìkẹta, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní bèèrè mọ́, àyàfi tí ewé bá rọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ewé tó rọ lọ́sàn-án tó sì jí láàárọ̀ kò wá omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gé ẹ̀ka. Orí ẹ̀ka tuntun ni bougainvillea àti ixora ti ń tanná. Ẹni tó bá gé wọn ní oṣù kọkànlá ti gé òdòdó ẹ̀ẹ̀rùn dànù. Ajílẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ewé ni yóò máa hù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò funfun tó ń ṣe òwú a máa jókòó sí ìsàlẹ̀ ewé hibiscus. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ́, kí ẹ sì lé àwọn èèrà tó ń gbé wọn kiri.

Ẹ ṣọ́ ọmọ àti ẹran

Ọ̀pọ̀ igi tó ń fara da ọ̀dá fi májèlé gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹran. Èso olómi òjò lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni oleander àti omi ara desert rose. Wàrà adé ẹ̀gún a máa ta ojú gan-an, ewé ẹ̀wọ̀n adélé sì ń ṣe màlúù àti ewúrẹ́ ní ibi. Ilé tí ọmọ kékeré ń ṣeré níta kò gbọ́dọ̀ gbin olómi òjò tàbí oleander rárá. Bí ọmọ bá jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ mú ẹ̀ka igi náà dání.

Ọgbà tí yóò dúró de Ojúde Ọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló fẹ́ kí ilé wọn gún régé nígbà ayẹyẹ Ojúde Ọba, tí à ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, nígbà tí òjò ti mú gbogbo ọgbà tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Tó bá fi máa di 2032, oṣù kẹta ni yóò bọ́ sí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, inú oṣù kejì ni, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le jù. Ọgbà tó gbẹ́kẹ̀ lé òjò kò ní lẹ́wà nígbà náà.

Èyí tí a bá gbìn dáadáa lónìí yóò ti dàgbà kí ìgbà náà tó dé, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì ti dé ìsàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi mẹ́ta péré: bougainvillea sí ìhà gúúsù odi, Pride of Barbados sí ibi tí oòrùn ti kún, periwinkle sí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ wo ihò omi yín kí òjò tó dé, ẹ kọ ebè bó bá yẹ, kí ẹ sì gbìn wọ́n nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Omi ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti ìkejì nìkan ni wọ́n máa fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.